Ẹja tuntun ò gbọdọ̀ bọ́ sínú táńkì ńlá lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á: bí mo ṣe ń ya ẹja omi iyọ̀ sọ́tọ̀, tí mo sì ń tọ́jú ẹ̀

Nílé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ìyá mi bá ra adìẹ bọ̀ láti ọjà, wọn kì í tú u sáàárín àwọn tó wà nílẹ̀. Àkísà ni wọ́n máa fi so ó lẹ́sẹ̀ mọ́ ìdí igi lẹ́yìnkùlé, ibẹ̀ ló máa wà fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á máa wò ó bóyá ó ń jẹ àgbàdo, bóyá ó ń sín, bóyá ìgbẹ́ ẹ̀ ń ṣàn bí omi, kí wọ́n tó tú okùn lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Houston ni mò ń gbé báyìí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, mo ní táńkì omi iyọ̀ oní-90 gálọ́ọ̀nù ní pálọ̀, àmọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ohun tí ìyá mi ń ṣe fún adìẹ yẹn ni mi ò ṣe fún ẹja.

Mo ra powder blue tang kan, ẹja aláwọ̀ búlúù tí ojú ẹ̀ dúdú, tí lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ pọ́n yòò bí ìyeyè. Ó ń jẹun dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù, ara ẹ̀ mọ́ tónítóní, ọjọ́ yẹn náà ni mo tú u sínú táńkì. Lọ́jọ́ kẹrin mo rí i tó lọ dúró síwájú pọ́ǹpù tó ń ti omi, ó ń mí gúlegúle, ó ń sá fún iná. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí ẹja mẹ́jọ ló ti kú, títí kan clownfish méjì tí ọmọ mi obìnrin sọ ní Táyé àti Kẹ́hìndé, tí wọ́n ti wà lọ́wọ́ wa láti oṣù tá a ti gbé táńkì yẹn kalẹ̀. Ọmọ náà sunkún títí ó fi sùn. Velvet, kòkòrò kan tó ń jẹ ara ẹja, ló pa wọ́n, èmi ni mo sì gbé e wọlé.

Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání jù ni pé ara ẹja kọ́ lẹ máa wò láti mọ ìgbà tó tó tú sílẹ̀, ọjọ́ ayé kòkòrò tó lè wà lára ẹ̀ lẹ máa kà.

Ìdí tí ojú ò fi tó

Kòkòrò méjì la ń bẹ̀rù jù: ich, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Cryptocaryon irritans, àti velvet, ìyẹn Amyloodinium ocellatum. Tí ich bá ti jáde, ó máa dà bí ìgbà tí wọ́n wọ́n iyọ̀ sára ẹja, ẹ lè kà á ní hóró-hóró lórí lẹ́bẹ́. Ti velvet kúnná ju ìyẹn lọ, bíi lúbúlúbú èlùbọ́ tí wọ́n ti jọ̀, ẹ ní láti pa iná kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kẹ́ ẹ tó rí i, nígbà míì sì rèé ẹja á ti kú kó tó hàn, torí ibi tí ẹja fi ń mí ló kọ́kọ́ ń lọ, àwọn nǹkan pupa abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ tá a máa ń fà yọ tá a bá ń tún ẹja ṣe fún ọbẹ̀. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Bí ich ṣe ń ṣe nìyí. Ó máa wọ abẹ́ awọ ẹja, á máa jẹun níbẹ̀ fún ọjọ́ 3 sí 7, tó bá yó á já bọ́, á lẹ̀ mọ́ òkúta tàbí yanrìn tàbí ara gíláàsì, á wá fi nǹkan líle bo ara ẹ̀ bí ẹyin, á máa pín sí wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá bẹ́, ọmọ tó máa jáde nínú ẹyọ kan lè lé ní ọgọ́rùn-ún, kálukú wọn á máa wá ẹja tó máa wọ̀, tí wọn ò bá sì rí láàárín ọjọ́ kan sí méjì wọ́n á kú. Ó lè bẹ́ lọ́jọ́ kẹta, ó lè di ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n tiẹ̀ ti rí èyí tó dúró di ọjọ́ 72. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí i tí àwọn funfun yẹn pòórá lára ẹja, tẹ́ ẹ wá ń dúpẹ́ pé ara ẹ̀ ti yá, kò tíì yá o, kòkòrò yẹn jẹun yó ló bọ́ sílẹ̀, ó sì ń bọ̀ wá pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀.

Nǹkan kejì tó ń tan ojú jẹ wá láti ṣọ́ọ̀bù. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù omi kan náà ló ń yí ká gbogbo táńkì, àwọn míì sì máa ń fi kọ́pà, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi bàbà ṣe, díẹ̀ sí i, èyí tí ò tó pa kòkòrò àmọ́ tó tó tẹ̀ ẹ́ rì. Ẹja á mọ́ lójú yín, ẹ máa gbé e délé sínú omi tí ò ní kọ́pà, bí ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀ gbogbo nǹkan á tú síta. Mi ò sọ èyí láti bú àwọn tó ń tajà, ẹja tó ń wọlé tó ń jáde lọ́dọ̀ wọn pọ̀, wọn ò lè fi oṣù kan gbáko tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Kódà ẹja tí wọ́n bí sínú táńkì tí ò fojú kan òkun rí, tó bá ti gba inú omi ṣọ́ọ̀bù kọjá, ẹ kà á mọ́ èyí tí wọ́n kó láti òkun.

Táńkì ìyàsọ́tọ̀

Kò gba owó ńlá. Oní-10 gálọ́ọ̀nù tó fún clownfish tàbí royal gramma, àmọ́ tang àti àwọn ẹja tó máa ń lúwẹ̀ẹ́ ká, ẹ fún wọn ní 20 sókè. Ẹ má da yanrìn sí i, ẹ má to òkúta sí i, torí àwọn méjèèjì máa ń fa kọ́pà mu, ẹ ò sì ní mọ iye tó kù nínú omi mọ́, ibẹ̀ náà ni ẹyin ich máa ń sá pamọ́ sí. Páìpù oníke tí àwọn púlọ́ńbà ń lò ni mò ń gé sí i, pàápàá èyí tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, torí ẹja tí ò ríbi sá sí kì í jẹun. Ẹ fi hítà sí i, kí omi wà ní bíi 25 sí 26°C, ẹ fi tẹmómítà sí i torí nọ́ńbà ara hítà ò ṣeé gbára lé, ẹ wá fi fíltà onífóòmù tó ń fi atẹ́gùn ṣiṣẹ́. Ẹ bò ó lórí o. Ẹja tuntun máa ń fò, mo ti bá royal gramma kan tó ti gbẹ lórí kápẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ọjọ́ Sunday kan, ibi tí mo ṣí sílẹ̀ ò ju kí ìka méjì wọlé lọ. Iná ò pọn dandan, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ti tó.

Fóòmù inú fíltà yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí n tó ra ẹja ni mo máa ń jù ú sínú táńkì ìsàlẹ̀ tí omi táńkì ńlá ń gbà kọjá, kí bakitéríà tó ń jẹ amóníà, májèlé tó ń wá látinú ìgbẹ́ ẹja, lè gbé inú ẹ̀. Ẹni tí ò bá rántí lè ra bakitéríà inú ìgò, àmọ́ kó má gbọ́kàn lé e pátápátá. Lójú tèmi, amóníà ló ń pa ẹja nínú ìyàsọ́tọ̀ ju àìsàn lọ, torí táńkì kékeré ni, ẹja ń jẹun, ẹja ń yàgbẹ́, kò sì sí òkúta tó máa bá wa gbé e. Mo máa ń lẹ Seachem Ammonia Alert, ohun kékeré tó ń fi àwọ̀ sọ bí amóníà ṣe pọ̀ tó, mọ́ inú gíláàsì, tó bá wà ní yẹ́lò ọkàn mi balẹ̀, tó bá ti ń yí sí gíríìnì, ọjọ́ yẹn náà ni mò ń pààrọ̀ omi, mi ò ní dúró dọ̀la. Ìdí nìyẹn tí omi iyọ̀ tí mo ti pò sílẹ̀ ò fi ń wọ́n nínú ike ńlá kan ní gáréèjì mi. Ẹ tún ra pọ́ǹpù atẹ́gùn tó ń lo bátìrì. Nígbà tí ìjì Beryl kọlu Houston ní July 2024 tí iná lọ ládùúgbò wa, òun ló ń fún ẹja méjì tó wà ní ìyàsọ́tọ̀ láfẹ́fẹ́ títí iná fi dé.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí ṣe pàtàkì. Velvet lè bá ẹ̀kán omi kéékèèké fò nínú afẹ́fẹ́ láti táńkì kan bọ́ sí òmíràn, torí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 10, yàrá ọ̀tọ̀ ló dáa jù. Bálùwẹ̀ àlejò ni tèmi wà. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀, rọ́bà tí mo fi ń fa omi, gbogbo ẹ̀ ni mo fi téèpù pupa sàmì sí, kò sì sí èyí tó ń kọjá ẹnu ọ̀nà bálùwẹ̀ yẹn. Táńkì ńlá ni mo kọ́kọ́ ń tọ́jú láàárọ̀, lẹ́yìn náà ni mo máa lọ síbi ìyàsọ́tọ̀, mi ò ní yí i padà, bí a ṣe ń ṣe ní wọ́ọ̀dù náà nìyẹn, ara ẹni tó le lẹ máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí àrùn ẹ̀ ń ràn.

Ọjọ́ tí ẹja bá dé

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ lójú yín, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bí iyọ̀ omi wọn ṣe pọ̀ tó. Omi òkun máa ń wà ní bíi 1.025 (ìyẹn bó ṣe wúwo tó tá a bá fi wé omi tí ò ní iyọ̀), àmọ́ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń fi ẹja sínú 1.018 tàbí 1.020. Iye tí wọ́n bá sọ ni mo máa ń po omi ìyàsọ́tọ̀ sí, mo sì ń fi rìfráktómítà, ẹ̀rọ tó ń wọn iyọ̀ omi, wọ̀n ọ́n, torí ara ẹja lè fara da kí iyọ̀ dín kù lójijì ju kó pọ̀ sí i lójijì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn mo lè wá máa gbé e sókè ní 0.001 sí 0.002 lóòjọ́ títí táá fi bá ti táńkì ńlá dọ́gba.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n fi ránṣẹ́ ni, tó ti sùn inú ọ̀rá mọ́jú, ẹ má ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe, kí wọ́n ṣí ọ̀rá kí wọ́n máa fi rọ́bà kán omi sí i fún wákàtí méjì. Èémí tí ẹja mí síta nínú ọ̀rá yẹn ti sọ omi náà di kíkan díẹ̀, kíkan yẹn ni kì í jẹ́ kí amóníà tó ti kó jọ síbẹ̀ lè ṣe é léṣe. Ẹ ṣí ọ̀rá báyìí, èémí yẹn fò lọ, kíkan lọ sílẹ̀, amóníà di májèlé, ẹja wá jókòó sínú ẹ̀ fún wákàtí méjì tẹ́ ẹ rò pé ẹ̀ ń ṣe é lóore. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rá léfòó sórí omi pẹ̀lú ẹnu ẹ̀ ní dídì fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí ìgbóná wọn lè bára mu, ẹ tú u, ẹ yára wo iyọ̀ ẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tàbí ike kékeré gbé ẹja sínú táńkì, kẹ́ ẹ da omi ọ̀rá nù. Kò gbọdọ̀ sí ẹ̀kán kan níbẹ̀ tó máa wọ táńkì kankan nílé yín.

Ẹ pa iná, ẹ fi í sílẹ̀ kó sinmi. Lọ́jọ́ kejì ẹ fún un ní mysis, edé tíntìntín dídì, tó ti yọ́ nínú omi, tang ẹ fún ní nori, ewé òkun pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wé sushi. Ẹ wá jókòó síwájú ẹ̀, ẹ tan aago fóònù, ẹ ka iye ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ṣí tó pa dé láàárín ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì yẹn, láràárọ̀ ni mò ń kọ mímí, oúnjẹ, ìgbẹ́, ìgbóná omi. Tí mímí bá fò sókè ju ti àná lọ pẹ̀lú pé kò sí nǹkan kan lára ẹ̀, ìyẹn ti tó mi láti bẹ̀rẹ̀ oògùn, mi ò ní dúró kí lúbúlúbú jáde.

Kọ́pà

Kọ́pà ni bàbà tí wọ́n ti yọ́ sínú omi, òun ló ń pa ich àti velvet. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Copper Power máa ń ṣiṣẹ́ ní 2.25 sí 2.5 ppm (ìyẹn mílígíráàmù nínú lítà omi kan), Cupramine máa ń ṣiṣẹ́ ní 0.5. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa nọ́ńbà wọn pọ̀, ẹni tó bá gbé Cupramine dé 2.5, ikú ló gbé wá fún ẹja yẹn. Copper Power ni èmi ń lò torí ara ẹja máa ń gbà á dáadáa.

A kì í fojú díwọ̀n oògùn. Ẹ̀rọ Hanna, èyí tí wọ́n kọ HI702 sí lára, ló dára jù nínú ohun tí mo ti fi wọ̀n ọ́n, ẹ máa bu omi 10 ml sínú ìgò kékeré ẹ̀, ẹ da àpò lẹ́búlẹ́bú kan sí i, ẹ mì í, nọ́ńbà á hàn. Àwọn tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi àwọ̀ omi wé àwọ̀ orí káàdì, ojú mi ò lè yà 2.0 sọ́tọ̀ kúrò lára 2.5 níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ yẹn ni ìyàtọ̀ láàárín kòkòrò tó kú àti kòkòrò tó wà láàyè. Kẹ́ ẹ tó da oògùn sí i, ẹ mọ iye omi tó wà níbẹ̀ lóòótọ́, táńkì tí wọ́n pè ní 20 gálọ́ọ̀nù lè má gbà ju 17 tàbí 18 lọ tẹ́ ẹ ò bá kún un dé etí, torí náà nígbà tẹ́ ẹ bá ń pọn omi sí i, ẹ kà á ní gálọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi mákà fa ìlà síbi tó dé.

Mi ò kì í gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn tí ẹja bá ti jẹun fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, mo máa gbé kọ́pà dé 1.0, ọjọ́ kejì 1.5, ọjọ́ kẹta 2.0, ọjọ́ kẹrin 2.25, láàárín ẹ̀ mo ń wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́. Dwarf angel àti mandarin, kò rọrùn fún wọn, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo máa fi gbé wọn débẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé velvet ti hàn, kò sáyè ìyẹn, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ó ti gbọ́dọ̀ pé, torí kò ní dúró de yín.

Láti ọjọ́ tó bá ti dé 2.25 lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ 14. Tó bá lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan péré, ẹ padà sí ọjọ́ kìíní. Mo mọ̀ pé ó dunni, ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ kejìlá torí mo pààrọ̀ omi mi ò rántí fi kọ́pà sínú tuntun, àmọ́ mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa pààrọ̀ omi, ẹ ti kọ́pà omi tuntun yẹn dé 2.25 nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó dà á sí i.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 14? Kọ́pà ò lè pa kòkòrò tó ti wọ abẹ́ awọ, kò sì lè pa èyí tó wà nínú ẹyin lórí gíláàsì, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ wá ẹja kiri nìkan ló ń pa. Nítorí náà à ń dúró títí gbogbo èyí tó wà lára ẹja fi máa já bọ́, kọ́pà ò sì ní jẹ́ kí òmíràn wọlé. Lẹ́yìn ọjọ́ 14 yẹn ara ẹja ti mọ́, àmọ́ táńkì ò tíì mọ́, ẹyin ṣì lè wà nílẹ̀ ẹ̀. Ẹ gbé ẹja yẹn lọ sínú táńkì míì tó mọ́, tí fíltà ẹ̀ àti páìpù ẹ̀ yàtọ̀. Tẹ́ ẹ ò bá ní táńkì kejì, kó wà nínú kọ́pà fún ọjọ́ 30.

Ẹ yọ èédú kúrò nínú fíltà torí ó máa fa oògùn mu. Àwọn oògùn tí wọ́n ń dà sí omi láti pa agbára amóníà, wọn ò gbọdọ̀ pàdé kọ́pà, ó máa sọ kọ́pà yẹn di oró fún ẹja, omi tuntun nìkan lẹ máa fi yanjú amóníà. Coral (ẹ̀dá òkun tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta), ìgbín, edé, akàn, gbogbo wọn ni kọ́pà máa pa, ẹ má jẹ́ kí ó dé táńkì ńlá láéláé. Tí ẹja ò bá jẹun mọ́ nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń gbé kọ́pà sókè, ẹ dá a dúró síbi tó dé fún ọjọ́ kan sí méjì. Àmọ́ tó bá ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ fi omi tí ò ní kọ́pà dín in kù kíákíá.

Ẹni tí ò bá fẹ́ kọ́pà rárá lè máa gbé ẹja láti táńkì kan sí òmíràn, kó má jẹ́ kí wákàtí 72 pé nínú ọ̀kan, torí ẹyin ich kì í bẹ́ kó tó di ọjọ́ kẹta. Ẹ gbé e lọ́jọ́ 4, 7, 10 àti 13, kẹ́ ẹ máa fọ èyí tó kúrò nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ ganrínganrín kẹ́ ẹ tó tún lò ó. Ich nìkan nìyẹn ń yanjú, kò ran velvet, ìdí nìyẹn tí mo fi padà sí kọ́pà.

Àwọn oògùn tá a ti mọ̀ láti ilé

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i pé ọ̀pọ̀ oògùn ẹja ni oògùn tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ ìyá mi rí. Ẹni tó bá dàgbà ní Nàìjíríà kó tó di 2005, tí ìjọba fi àwọn oògùn oní-artemisinin rọ́pò ẹ̀ fún ibà, mọ chloroquine dáadáa, oògùn kíkorò tó máa ń yún àwọn míì bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ wọn. Chloroquine phosphate yìí náà ń pa ich àti velvet. Mi ò kì í lò ó ṣáájú kọ́pà torí kò sí ohun tá a lè fi wọ̀n ọ́n nílé láti mọ iye tó kù nínú omi. Ẹ má sì lọ lọ hóró oògùn inú ilé sínú táńkì, nǹkan tí wọ́n fi mọ ọ́n pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì mu ti ẹja, ní March 2020 nígbà Kòrónà, ọkùnrin kan kú ní Arizona torí òun àti ìyàwó ẹ̀ mu èyí tí wọ́n ní fún táńkì.

Praziquantel, òun ni wọ́n ń pín fáwọn ọmọ ilé ìwé fún àtọ̀sí ajá, àwọn ará agbègbè ìsédò Ọ̀yán lápá Abẹ́òkúta mọ̀ ọ́n. Nínú táńkì aràn pẹlẹbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ ara ẹja àti ibi tó fi ń mí ló ń pa, kọ́pà ò sì lè ran aràn yẹn. Tí ẹja bá ń fara ha páìpù, tó ń mi orí, tí ojú ẹ̀ ń ṣú, ẹ fura sí i. Ọ̀nà tí mo fi máa ń mọ̀ dájú ni kí n bù omi tí ò ní iyọ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ìgbóná ẹ̀ àti pH ẹ̀ (ìyẹn bó ṣe kan tó) bá ti táńkì dọ́gba, kí pọ́ǹpù ti máa fẹ́ atẹ́gùn sí i fún wákàtí kan, mo máa wá gbé ẹja sínú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, mi ò ní gbójú kúrò lára ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan tí mo ṣe é fún angelfish kan tí mo rò pé ara ẹ̀ mọ́, nígbà tí mo gbé e kúrò tí mo wo ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú yẹn, nǹkan funfun kéékèèké wà níbẹ̀ bíi hóró yánmọtí, ó lé ní ogún, mi ò rí ẹyọ kan lára ẹja yẹn ṣáájú torí nínú omi iyọ̀ ara wọn máa ń mọ́ gaara bíi gíláàsì ni. Omi tí ò ní iyọ̀ yẹn ò lè mú gbogbo ẹ̀ kúrò o, praziquantel ló máa parí ẹ̀. Ìgbà méjì lẹ máa lò ó, ọjọ́ 5 sí 7 láàárín, torí ti àkọ́kọ́ ò lè pa ẹyin. Ẹ fi atẹ́gùn sí i dáadáa torí bakitéríà máa ń pọ̀ nínú omi nígbà yẹn, wọ́n á sì máa bá ẹja dù ú.

Metronidazole ni Flagyl tá a mọ̀. Tí ìgbẹ́ ẹja bá funfun tó gùn bí òwú, tó ń jẹun àmọ́ tí ikùn ẹ̀ ń wọlé, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹja ni mo máa ń pò mọ́ oúnjẹ ẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí. Fọ́málì̀nì, èyí tí wọ́n ń lò ní ilé òkú, òun ló dára jù fún Brooklynella, àrùn tó máa ń ṣe clownfish tí ikun funfun á bo gbogbo ara ẹ̀ bí ẹni pé awọ ẹ̀ ń bó. Ọjọ́ méjì mẹ́ta ló fi ń pa wọ́n. Fọ́málì̀nì lè fa jẹjẹrẹ, ìta ni mo ti ń lò ó, mo máa wọ ìbọ̀wọ́, mo sì máa fi pọ́ǹpù atẹ́gùn méjì sí bọ́kẹ́ẹ̀tì torí ó máa ń jẹ afẹ́fẹ́ inú omi.

Tó bá ti wọ táńkì ńlá ńkọ́

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ikú àwọn ẹja mi nìyí. Ẹja méjì tó ṣẹ́ kù, mo kó wọn jáde, mo fi kọ́pà tọ́jú wọn ní ìyàsọ́tọ̀, mo wá fi táńkì ńlá sílẹ̀ láìsí ẹja kankan fún ọjọ́ 76. Coral, ìgbín àti edé wà níbẹ̀, wọn kì í kó àrùn yìí. Kòkòrò tó bẹ́ nínú ẹyin ò rí ẹja wọ̀, ó kú. Ọjọ́ 72 tí mo sọ lókè ni wọ́n ṣe sọ ọ́ di 76. Ẹ má fi ẹja kan ṣoṣo sílẹ̀ níbẹ̀ torí pé ẹ ò rí i mú, ẹja kan yẹn ti tó bọ́ wọn. Mo tú gbogbo òkúta mi ká nítorí goby kan tí ò ju ìka mi lọ. Láti ìgbà yẹn náà, coral tuntun àti ìgbín tuntun ń lo ọjọ́ wọn nínú táńkì kékeré tí ò sí ẹja nínú ẹ̀, torí ẹyin lè lẹ̀ mọ́ ìkarahun.

Ọjọ́ tó máa jáde

Lẹ́yìn kọ́pà, lẹ́yìn praziquantel, mo ṣì máa ń fi ẹja sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú omi tí ò ní oògùn kankan, kí n lè rí i bóyá nǹkan kan tún máa yọjú. Gbogbo ẹ̀ pọ̀ máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tí iyọ̀ àti ìgbóná bá ti dọ́gba, mo máa pa iná táńkì ńlá lálẹ́, mo máa fún àwọn onílé lóúnjẹ kí wọ́n yó, mo máa fi ike gbé àlejò wọlé láì da omi ẹ̀ sí i. Fún tang tí tang míì ti wà níbẹ̀, mo máa fi àpótí oníhò gbé e sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n lè máa wo ara wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn mo máa da omi ìyàsọ́tọ̀ nù, mo máa fi fíníígà fọ táńkì, páìpù, hítà àti nẹ́ẹ̀tì, mo máa sá gbogbo ẹ̀ sóòrùn títí táá fi gbẹ. Fóòmù tó ti wọ inú kọ́pà kò gbọdọ̀ padà sí táńkì ìsàlẹ̀, mo máa jù ú nù, mo máa fi tuntun síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà kó lè ti máa kó bakitéríà jọ de ẹja tó ń bọ̀. Èyí tó wà nínú bálùwẹ̀ báyìí, yellow tang kékeré ni, ọjọ́ kọkànlá ẹ̀ nínú kọ́pà lòní, Hanna sọ 2.31 láàárọ̀, ó sì ti fa nori ẹ̀ ya tán kí n tó lọ síbi iṣẹ́.